Òkúta Yèyé Mi Wà Lábẹ́ Sìmẹ́ńtì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, kí n sọ nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi, tí n kò tíì kọ síbì kankan rí. Ọ̀pọ̀ yín ló máa ń yìn mí pé mo mọ ìtàn ìlú kọ. Ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n ìtàn ìlú àkọ́kọ́ tí mo kọ láyé mi, bí mo bá rántí rẹ̀, ojú máa ń tì mí títí di òní yìí.

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà náà á rántí bí ara gbogbo wa ṣe yá gágá! Kò sí ìlú tí kò fẹ́ kí ìjọba tuntun mọ òun. Ìlú yìí ń wá títì, ìlú yẹn ń wá ilé-ìwé, tọ̀hún ní kí wọ́n fi kún ipò ọba òun.

Tíṣà ni mí ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà yẹn, yàrá kan ni mo gbà, tó jẹ́ pé bí mo bá ń fọ eyín láàárọ̀, òkè Olósùnta ni mò ń wò. Ìlú bàbá mi ò jìnnà síbẹ̀. N ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má bínú, ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Ìsẹ̀ lọ sí Ẹmùrè rí mọ agbègbè tí mò ń wí. Kì í ṣe ìlú ńlá, kì í sì í ṣe abúlé. Agbedeméjì ni. Ó ní ọjà kan, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, mọ́ṣáláṣí kan, oko kòkó lẹ́yìn ilé, àti àwọn èèyàn tí wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pe ìlú àwọn ní kékeré.

Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ló ránṣẹ́ pè mí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, èèyàn dáadáa ni, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní wọ́n fẹ́ tẹ ìwé kan ní Adó tí gbogbo ìlú yóò wà nínú rẹ̀, kí oníkálùkù kọ ìtàn tirẹ̀ wá pẹ̀lú ohun àjogúnbá tó ní. Ìlú tí tirẹ̀ bá ṣeé wò, wọ́n á wá wò ó, bóyá títì á sì tibẹ̀ wá. Ó ní èmi ni mo kàwé, èmi ni kí n kọ ọ́. Ṣé mo lè sọ pé rárá? Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jẹ oyè!

N ò kọ irú ẹ̀ rí. Mo wá lọ bá Fàdá òyìnbó kan tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì lẹ́bàá ilé-ìwé wa. Ará Áyálándì ni. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe ń kọ̀tàn ìlú ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí wọ́n kọ nípa ìlú tí wọ́n ti bí i.

Ẹ̀yin èèyàn, ìlú agbedeméjì bíi tiwa ni! Wọ́n kọ nípa odò wọn, afárá wọn, ọjọ́ ọjà wọn, àti orúkọ àwọn àdúgbò. Wọ́n ní ògiri òkúta àtijọ́ kan tó yí ìlú náà ká nígbà kan, èyí tó kù nínú rẹ̀, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dì í kó má baà wó, wọ́n fi irin ṣe ọgbà yí i ká, wọ́n gbé pátákó tó ní ìtàn nínú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo wo fọ́tò yẹn títí. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, àwa náà kúkú ní òkúta!

Ohun tí mò ń rò ni Ebè Ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Ní ìlú wa, obìnrin tí wọ́n bá gbé wá láti ìlú mìíràn kì í wá lọ́wọ́ òfo. Yóò mú òkúta kan dání láti ilé bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta tó bá dé ilé ọkọ, àwọn ìyàwó ilé á sìn ín lọ sí abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà, yóò sì fi òkúta náà lé àwọn tó bá níbẹ̀. Òkúta orí òkúta, láti ayé àwọn ìyá ìyá wa, ó ti ga dé àyà èèyàn. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹni tó bá ṣa òkúta kan níbẹ̀ fi sọ ẹyẹ jẹgba dáadáa lọ́jọ́ náà.

Mo lọ bá àwọn ìjòyè ní Sátidé méjì. Wọ́n sọ ìtàn fún mi, kì í ṣe kékeré! Ẹni tó tẹ ìlú dó, ogun tó jà, bí wọ́n ṣe sá lọ sórí òkè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí Ebè Ìyàwó, wọ́n ní, àwọn obìnrin ló ń kó òkúta síbẹ̀, ó ti pẹ́. Ó parí. Wọ́n tún padà sórí ogun.

Mo wá yà lọ́dọ̀ Yèyé. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi, láti Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti gbé e wá sílé wa. Nítorí náà, bí mo ṣe kéré tó, tí mo sì jẹ́ obìnrin, ọkọ mi ló ń pè mí, nítorí pé ọmọ ilé ni mí, ìyàwó ilé sì ni òun. Ó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ka ohun tí mo ti kọ nípa Ebè Ìyàwó fún un, ó ń mi orí.

"Ọkọ mi, o ti kọ bí a ṣe é gbé e lọ," ó ní. "Ó ku bí a ṣe é gbé e bọ̀ ulé."

Mo wo aago. Mọ́tò tí yóò padà sí Ìkẹ́rẹ́ ti ń pe èrò, mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí. Mo ní Yèyé, ìlà mẹ́rin péré ni wọ́n ní kí n lò fún ohun àjogúnbá kọ̀ọ̀kan, mo sì ti lo mẹ́rin. Ó ní kò burú, ọjọ́ mìíràn. Ó bu ẹ̀gúsí sínú láílọ́ọ̀nù fún mi, mo sì sáré lọ wọ mọ́tò.

Ìlà mẹ́rin! Ta ló mú ẹgba dúró tì mí pé kí n má kọ márùn-ún?

Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè gba ohun tí mo kọ tọwọ́tẹsẹ̀. Mo tiẹ̀ yá alága ní ìwé Fàdá pé kó wo bí òyìnbó ṣe ń ṣe é. Bó ṣe rí fọ́tò ògiri yẹn báyìí, ó fọwọ́ lu tábìlì. Ó ní kí ni òyìnbó ṣe níbí yìí tí àwa ò lè ṣe? Ó ní kí àwọn àlejò tó ti Adó dé, Ebè Ìyàwó gbọ́dọ̀ ti dùn ún wò. Ó bi mí léèrè, mo ní ìmọ̀ràn tó dáa ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu èmi náà ni mo fi sọ ọ́! Ó ní kí n kọ ohun tí wọ́n máa kọ sí ara pátákó, mo kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, mo sì fi orúkọ mi sísàlẹ̀.

Ìdánwò ìparí táàmù ló dá mi dúró sí Ìkẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí mo délé, mo ti rí irin ọgbà láti ọ̀ọ́kán, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé àti funfun. Wọ́n ti da sìmẹ́ńtì sórí ebè náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi pákó tẹ́ ara rẹ̀ dán, kìkì orí òkúta bíi mélòó kan ló yọ lókè. Orúkọ mi wà lára pátákó gàdàgbà gadagba. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo dúró síwájú rẹ̀, mo ní kí onífọ́tò ya fọ́tò mi.

Ìgbà tó ń yà á ni mo rí i pé àwọn obìnrin kan dúró sí òdìkejì títì, wọ́n ń wò mí. Àwọn tó máa ń sáré pàdé mi gba báàgì! Màmá Tóyìn, ìyàwó àdúgbò wa tí wọ́n gbé láti Ìsẹ̀, ló sọdá wá. Kò kí mi. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Tíṣà, òkúta mi ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ sí ebè náà, mo ní ṣebí ó wà níbẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tó lè jí i mọ́.

Ó wò mí bí ẹni pé n kì í ṣe ọmọ ìlú. Ó ní, "Báwo ló ṣe máa jáde?"

N ò mọ ohun tó ń wí. Mo lọ sílé, mo bá Yèyé lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo jókòó tì í, mo ní kó sọ bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀ fún mi. Mọ́tò kankan ò pè mí lọ́jọ́ yẹn. Yèyé ò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà.

Ó ní bí obìnrin bá kú nílé ọkọ, ilé ọkọ ló ni òkú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa sin ín sí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sin ín, ọmọ ilé lóbìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò lọ yọ òkúta rẹ̀ lórí ebè, yóò gbé e padà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n á tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn ọmọ obìnrin mìíràn tó ti padà dé. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn rẹ̀ tó lè sunkún. Ìgbà yẹn ni wọ́n á sọ pé ọmọ àwọn ti wálé. Títí òkúta yẹn á fi dé, lójú tiwọn, ó ṣì wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

Àwọn obìnrin ló ń ṣe é láàárín ara wọn, wọn kì í pariwo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ìjòyè ò fi mọ̀ ju ìdajì lọ. Gbogbo obìnrin ló sì mọ òkúta rẹ̀. Ti Yèyé dúdú, kò ju ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lọ, ìlà funfun kan yí i po. Ìdí Olósùnta ni bàbá rẹ̀ ti ṣa á fún un. Ó ti fi hàn mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo rò pé ó kàn fẹ́ fi òkúta rẹ̀ yangàn ni!

Ọmọ ilé lóbìnrin tó dàgbà jù tí Yèyé ní, ẹ mọ ẹni náà? Bàbá mi ò ní arábìnrin. Èmi ni.

Mo sáré lọ bá alága. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó sì banújẹ́, mo rí i lójú rẹ̀, nítorí kò mọ ohun tí wọ́n fi òkúta ìyá tirẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn àlejò ń bọ̀ láti Adó láìpẹ́, ṣé ojú wọn ni a ó ti máa fọ́ ohun tí a pè wọ́n wá wò? Ó ní, "Tíṣà, ìwọ lo kọ ọ́ pé ohun àjogúnbá ni. A bá yín tọ́jú ẹ̀." Òótọ́ ló sọ.

Mo yá òòlù àti irin ìfọ́kúta lọ́wọ́ bíríkìlà kan. Ọ̀sán gangan ni mo wọ inú ọgbà náà, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ igun kan. Sìmẹ́ńtì náà kò ṣí kúrò lára òkúta o! Bó ṣe ń fọ́ ni òkúta inú rẹ̀ ń fọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Òkúta pupa kan là sí méjì lójú mi, mo gbọ́ igbe lẹ́yìn.

Àwọn obìnrin ti pé jọ. Wọ́n gba òkúta tó là náà láti ọwọ́ dé ọwọ́, oníkálùkù ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tòun ni. Wọn ò mọ ẹni tó ni ín. Ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ jù. Ẹ̀rù ba gbogbo wọn, nítorí ó lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Màmá Tóyìn rọra gba òòlù lọ́wọ́ mi.

"Tíṣà, ó tó," ó ní. "Bí ẹ bá ń wá ti Yèyé, ẹ máa fọ́ tiwa."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọ kékeré. Àwọn ló tún ń bẹ̀ mí pé kí n dìde!

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí ló burú jù, mo sì ti ṣèlérí pé n ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Mo padà sí Ìkẹ́rẹ́. Mo lọ sí ìdí Olósùnta lẹ́yìn ilé-ìwé, mo ń wá òkúta dúdú tó ní ìlà funfun. Mo wá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta, mo rí ọ̀kan tó jọ ọ́ gan-an. Mo fọ̀ ọ́, mo fi òróró pa á kó lè dà bí ohun tó ti pẹ́. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má parọ́!

Yèyé ò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà. Mo fi òkúta náà sí i lọ́wọ́, mo ní Yèyé, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti rí i yọ. Ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò ra á lára, ó yí i, ó tún ra á.

"Ọkọ mi," ó ní, "òkúta yìí éè tíì rí ulé ọkọ rí. Dá a padà síbi tó o ti mú un."

N ò lè gbójú sókè. Ó wá ọwọ́ mi kiri, ó dì í mú. Ó ní bí òun bá lọ, kí n lọ bá àbúrò òun ní Ìkẹ́rẹ́, kí n sọ òótọ́ fún un, kí n má fi nǹkan kan bò ó. Ó ní, "Kí o sọ fún un pé mo ṣì wà lúlé ọkọ."

Yèyé kú kí òjò tó dá. Ṣọ́ọ̀ṣì sin ín dáadáa, orin ọjọ́ náà dùn, gbogbo ìlú ló wá. Èmi ti lọ sí Ìkẹ́rẹ́ kí wọ́n tó sin ín, mo sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Bàbá, àbúrò Yèyé, jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwọn òkúta náà tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, oríṣiríṣi, àwọn ọmọ obìnrin ilé náà tó ti padà dé. Mo ti ń wọ ilé yẹn láti kékeré, n ò wo ibẹ̀ rí! Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ìlà mẹ́rin. Mo sọ ti pátákó. Mo sọ ti òkúta tí mo fi òróró pa.

Àwọn obìnrin inú ilé ti gbọ́, ọ̀kan fi igbe ta. Bàbá nawọ́ sí i pé kó dákẹ́. Ó ní wọn kì í sunkún ẹni tí kò tíì dé. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti òkúta kan sápá kan, ó ti èkejì sápá kejì, àyè kékeré kan ṣí sílẹ̀ láàárín wọn. Kò bú mi. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi mu.

Àwọn àlejò Adó wá lóòótọ́. Wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Sìmẹ́ńtì náà wà níbẹ̀ di òní, orúkọ mi sì wà lára pátákó bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti ń pa á rẹ́. Àwọn ìyàwó tuntun ti ń to òkúta tiwọn sí ẹ̀yìn ọgbà, níta, lórí ilẹ̀ lásán. Kò tíì ga dé orúnkún.

Bàbá náà pẹ́ láyé lẹ́yìn èyí. Bí mo bá wọlé kí i, ì báà jẹ́ ọjọ́ Kérésì, ì báà jẹ́ pé mo kàn ń kọjá lọ, á wo ọwọ́ mi méjèèjì. Á wá ní, "Ìwọ nìkan lo tún dé?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Nígbà tó kú, ọmọ rẹ̀ ló jókòó sórí àga náà. Mo lọ kí i lọ́dún tó kọjá. Àyè kékeré yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n máa ń gbá ibẹ̀ láràárọ̀, ó sì wo ọwọ́ mi.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nípa ìlú yín, ẹ bi àwọn ìjòyè, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá àwọn tó ni nǹkan náà gan-an, àwọn tó ń gbé e lọ tó sì ń gbé e bọ̀. Bí ìyá àgbà kan bá sì sọ fún yín pé ó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò lọ!

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló wà ní ìlú yín tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ péré lẹ mọ̀? Ta ló ń sọ ọ́ fún yín tẹ́ ẹ fi dìde? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi, bó ti wù kó gùn tó. Màá kà á tán. N ò ní ka ìlà fún ẹnikẹ́ni mọ́.